Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà abúlé wa: wọn ò tì í, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Kí la lè ṣe?

Ẹlẹ́gàrí (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn wá, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àwọn tó mọ̀ jù wá lọ là wá lọ́yẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ti ẹgbẹ́ òṣèlú.

Abúlé wa wà lápá Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn, ẹ̀yìn Ògbèrè. N ò ní dárúkọ ẹ̀, torí ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, abẹ́ káńsù ló ti ń jẹun. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yẹn ti wà kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lóru, ọdẹ sì wà lẹ́nu géètì. Nọ́ọ̀sì àgbà fẹ̀yìn tì, wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. Èkejì ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde torí ilé-ìwé àwọn ọmọ ẹ̀, wọ́n gbé e. Nínú àwọn CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ọ̀kan bá ọkọ ẹ̀ lọ sí Èkó, ọ̀kan di olóògbé. Ẹni tó kù báyìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló ń wá. Tó bá ti di aago méjì ó ti tilẹ̀kùn, torí ọkọ̀ tó máa gbé e padà kì í dúró de èèyàn.

Ẹ wá lọ béèrè ní káńsù. Wọ́n á ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yín ń ṣiṣẹ́, ó wà nínú ìwé àwọn. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé. Ọmọ tí ara ẹ̀ bá gbóná lóru ọjọ́ Ẹtì, ṣé inú ìwé yẹn la máa gbé e lọ?

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan bímọ lọ́dọ̀ ìyá àbíyè, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ọ̀kadà ló gbé e jáde sí títì Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀, ọkọ ẹ̀ jókòó sẹ́yìn ẹ̀, ó dì í mú. Ó yè, a dúpẹ́.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ìjọba fẹ́ máa ti àwọn kéékèèké yìí pa ni, tí wọn ò kàn fẹ́ sọ ọ́? Àwọn kan níbí ní ká dáwó, ká gba nọ́ọ̀sì fúnra wa. Àwọn kan ní ká lọ sí rédíò. Kí lẹ rò?

Ọlọ́kadà Òde

Rédíò kẹ̀? Wọ́n á gbọ́ yín, wọ́n á ní ẹ kú ìfaradà, wọ́n á gbé orin sí i.

Èmi ni mo máa ń gbé irú aboyún bẹ́ẹ̀. Kò sí ọlọ́kadà tí ò ní ìtàn tiẹ̀. Bó o bá gbé e dé ọsibítù tán, wọ́n á tún ní kó o dúró kó o fọwọ́ síwèé, bí ẹni pé ìwọ lo fún un lóyún.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì

Ẹlẹ́gàrí, ọmọ mi, o ṣeun. Iṣẹ́ káńsù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe apá ọ̀dọ̀ yín. Jẹ́ kí n dá ẹ lóhùn lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn.

Kò sẹ́ni tó máa jókòó ní Abẹ́òkúta kó kọ̀wé pé kí wọ́n ti hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà abúlé kan. Ẹni tó bá kọ ọ́, oníròyìn á gbé e, ọba ìlú á dìde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé òfin iṣẹ́ ìjọba nígbà tiwa ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì tó bá pé ẹni ọdún 60 tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Àwa tí wọ́n gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀kan náà la bọ́ sílẹ̀. Àga tá a dìde lórí ẹ̀, òfìfo ló wà. Owó oṣù wa tó yẹ kí wọ́n fi gba ọmọdé síṣẹ́, wọ́n ti fi dí ihò míì. Bí wọ́n ṣe ń gé owó ìlera lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn. Kì í pariwo.

Lẹ́yìn èèyàn, iná ló kàn. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ oxytocin, òun là ń gún fún obìnrin bó bá ti bímọ tán, kí ilé ọmọ lè sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí kò bá sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, tí NEPA ò mú iná wá, fìríìjì ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ tó ti gba ooru abẹ́ páànù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ gún un, ọwọ́ yín mọ́, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ yìí ló sì ń pa ìyá ọmọ jù lọ láyé. Nọ́ọ̀sì tó mọ èyí, bí aboyún bá dé, ohun tó máa sọ ni "Ẹ máa gbé e lọ sí Òde." Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ìròyìn á ká abúlé pé wọn kì í gbẹ̀bí mọ́ níbẹ̀, lílé ni wọ́n ń léni.

Mo rántí rẹ́jísítà ìbímọ tiwa. Bíró pupa ni mo fi máa ń fa ìlà sí ìparí oṣù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ojú ìwé kan kì í gba oṣù kan tán. Nígbà tí mo ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́, oṣù mẹ́ta mẹ́rin ti ń wà lójú ìwé kan, ìlà pupa ń tẹ̀ lé ara wọn, orúkọ ò pọ̀ láàárín wọn. Ọ̀gá kan wá láti òkè, ó yẹ ìwé náà wò, ó ní: "Màmá, èèyàn ò wá síbí. Ẹ ò nílò òṣìṣẹ́ púpọ̀." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ.

ỌmọRẹ́mọ

Ẹ má bínú sí mi o, màmá. Mo fẹ́ sọ ohun tí ò ní dùn mọ́ yín.

Kí ló dé tí gbogbo abúlé fi gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀? Nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí ẹyọ kan lóṣù, ọwọ́ ẹ̀ á gọ̀. Bí ọmọ bá há, kò sí dókítà, kò sí tíátà iṣẹ́ abẹ, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára. Lọ́dọ̀ tiwa, láti Ìpẹ̀rù dé Ìlíṣàn dé Ìkẹ́nnẹ́, ìlú fara kan ìlú, ọsibítù yunifásítì ìpínlẹ̀ sì ti wà ní Ṣágámù láti 1986. Ká kó owó tó ń ṣòfò níbi mẹ́wàá jọ síbì kan, kí ibẹ̀ ní dókítà tọ̀sán-tòru. Bó bá jẹ́ èmi ni gómìnà, mo máa ti púpọ̀ nínú wọn, màá sì sọ ọ́ síta gbangba.

Ẹlẹ́gàrí

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà. Ẹ̀yin tí ẹ sín ní Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n á kí yín ní Ìlíṣàn! Ẹ wá sọ́dọ̀ wa lóṣù Keje tí òjò bá ti ya ọ̀nà. Ká má tíì sọ ti àwọn ará Ogun Waterside, lápá Abígí àti Ìwọ̀pìn, àwọn abúlé etí omi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀ kí wọ́n tó fojú kan mọ́tò.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà, tí ẹ fún wa ní ọkọ̀ pàjáwìrì, ẹ máa ti tiwa lọ́la, n ò ní wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ilé ni wọ́n á kọ́kọ́ tì. Ọ̀nà á wà nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, á tún wà nínú ti èyí tó tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì

ỌmọRẹ́mọ, kì í ṣe tíátà ni púpọ̀ nínú wọn ń wá. Obìnrin tí wọ́n bá rí i ní oṣù karùn-ún pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru, tí wọ́n tètè fún un lóògùn, ó lè má dé tíátà rárá. Ta ló máa wọn ìfúnpá yẹn? Ṣé kó wọkọ̀ lọ sí Òde, kó jókòó títí di ọ̀sán, torí ìṣẹ́jú méjì? Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ju owó oògùn náà lọ. Kò ní lọ. Ìgbà tí gìrì bá ki í mọ́lẹ̀ ló tó máa lọ. Àwọn bàbá onítọ̀ ṣúgà náà ńkọ́? Àwọn ọmọ tó fẹ́ gba àjẹsára?

Ibi tó o ti sọ òótọ́ ni pé kí ìjọba sọ ọ́ síta bí wọ́n bá fẹ́ tì í. Èyí tí wọ́n ń ṣe yìí, wọn ò tì í, wọn ò ṣí i.

Ọlọ́kadà Òde

Ọkọ̀ pàjáwìrì tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, ta ló máa ra epo sí i?

Akọ̀wéKáńsù

Mo ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka ìṣúná káńsù kan ní Ìjẹ̀bú, n ò ní sọ èwo. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí owó ṣe ń rìn, torí bí ẹ ò bá mọ ọ̀nà tó ń gbà, ẹnu ọ̀nà tí kò sówó lẹ máa lọ kàn.

Owó tó ń ti Àbújá bọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀, inú àpò àjùmọ̀ní tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ̀. Abala 162 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àwọn tó fẹ̀yìn tì, àti àwọn gbèsè míì. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń dé ọwọ́ alága. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 11 July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ìdájọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn lọ́yà. Nígbà tí èmi wà níbẹ̀, owó tó ń kù fún ìlera lẹ́yìn owó oṣù kò tó ra sírínjì. A máa ń kọ owó ńlá sínú ìṣúná fún oògùn. Mo kọ ọ́ fúnra mi, lẹ́tà dúdú lórí ìwé funfun. Ìparí ọdún dé, wọn ò tú kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ka ìṣúná wa, á rò pé à ń tọ́jú èèyàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ẹlẹ́gàrí mọ̀ gan-an nìyí. Òfin Ìlera ti 2014 dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ (irú èyí tí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ń ṣe), ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sínú ìṣúná, bílíọ̀nù 55 náírà. Bí òfin ṣe pín in, ìdajì gba ọ̀nà ìdójútófò ìlera, ìdá 45 gba ọ̀dọ̀ àjọ tó ń rí sí ìtọ́jú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdá 5 tó kù wà fún pàjáwìrì. (Ọlọ́kadà, ibẹ̀ ló yẹ kí owó epo ọkọ̀ tó o béèrè ti wá.) Nínú owó yìí, èyí tí wọ́n ń fún hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kì í gba ọwọ́ alága. Inú àkáǹtì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà fúnra ẹ̀ ló ń wọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, ó fi díẹ̀ lé ní 300,000 náírà. Ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025 pé ó máa di 600,000 sí 800,000.

Ibi tó ti ta kókó: hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan ṣoṣo nínú wọ́ọ̀dù ìdìbò kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Wọ́ọ̀dù 236 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí wọ́ọ̀dù yín bá ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà mẹ́ta, ọ̀kan á máa rówó gbà, méjì á máa wojú káńsù, káńsù á máa wojú Ọlọ́run. Ẹ lọ wádìí bóyá tiyín ni wọ́n yàn. Bí kò bá jẹ́ tiyín, ẹ ti mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́gàrí

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa rí. Màá béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù.

BàbáÌkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bó ṣe rí láti ìpilẹ̀ nìyí. Nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Nígbà tí Bísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, di gómìnà ní 1979, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára nǹkan mẹ́rin tí ẹgbẹ́ UPN bá ìlú ṣàdéhùn. Mo rí i: oògùn ibà wà nínú ìgò ńlá, dìsípẹ́ńsà á kà á sínú bébà, á ká a, á ní kí o má lò ó lórí òfìfo inú. Ológun dé, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, owó káàdì dé, owó abẹ́rẹ́ dé, ó wá di pé kí aboyún ra ìbọ́wọ́ àti bílíìsì dání bó bá ń bọ̀ wá bímọ.

Ẹni tó sì gbìyànjú jù láti gbé ìtọ́jú dé abúlé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1927, nígbà tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà Grammar School níbẹ̀. Òun ni mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992. Ó fa ìtọ́jú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, torí àwọn ló sún mọ́ aráàlú jù. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ló tálákà jù nínú ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tó jẹ lẹ́yìn ẹ̀ ò sì jẹ́ kí owó tẹ̀ lé ẹrù.

Ní 2001, Àbújá wa níbí ni àwọn olórí Áfíríkà ti péjọ tí wọ́n ní àwọn á máa fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná sí ìlera. Àwa la gbà wọ́n lálejò. Ìṣúná 2025 tiwa, nǹkan bí ìdá 5 ni. Ohun tó kù, àpò yín ni wọ́n ń wò: nínú owó tí wọ́n ń ná sórí ìtọ́jú ní Nàìjíríà, ó lé ní ìdá 70 tí aráàlú ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ san.

Alábòójútó

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò níbí. Ẹni tó bá fẹ́ bú gómìnà tàbí alátakò, ẹ̀ka òṣèlú wà lókè. Ẹ jẹ́ kí èyí dúró lórí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà.

Ìjẹ̀búGeorgia

Ẹ kú ilé o. Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni mo wà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ẹ lè rò pé irú èyí ò sí níbí. Láti 2010, ọsibítù ìgbèríko tó ti tì, tàbí tí kì í dá aláìsàn dúró sùn mọ́, ti lé ní 100 ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, torí owó tó ń jẹ ju èyí tó ń mú wọlé lọ. Medicaid, ìyẹn ètò tí ìjọba fi ń sanwó ìtọ́jú fún àwọn tí ò ní, ló ń san ti nǹkan bí ìdajì ìbímọ nígbèríko. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 4 July 2025 máa dín owó Medicaid kù, ó lé ní bílíọ̀nù 900 dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ya bílíọ̀nù 50 sọ́tọ̀ fún ìgbèríko láti fi tù wọ́n nínú. Oṣù yẹn kan náà ni ilé ìwòsàn kan ní Curtis, ìlú kékeré kan ní Nebraska, kéde pé òun máa kógbá sílé, ó sì dárúkọ gígé owó Medicaid tó ń bọ̀ mọ́ ohun tó fà á.

Ìyàtọ̀ ibí sí tiyín ni pé lẹ́tà máa ń jáde. Ọjọ́ tí wọ́n máa tì í wà níbẹ̀, ìdí wà níbẹ̀, aṣòfin àdúgbò á wá ṣàlàyé ara ẹ̀ fún àwọn tó dìbò fún un. Tiyín, ta lẹ fẹ́ mú? Gbogbo wọn á ní àwọn ò ti nǹkan kan.

Ẹ má sì rò pé gígé owó tibí dúró síbí o. Owó ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà dá dúró ní January 2025 kan oògùn HIV àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà débi pé ilé aṣòfin ní Àbújá fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún ìṣúná ìlera lóṣù tó tẹ̀ lé e.

ỌmọRẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́

Ẹ kú àròyé. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa sún mọ́ra, ń wá iṣẹ́ tá a máa ṣe fún ìlú kí Ojúde Ọba tó ń bọ̀ tó dé. Bí Ẹlẹ́gàrí bá gbà, a lè kọ́ wọ́ọ̀dù tuntun fún wọn, ibùsùn mẹ́fà, táìsì láti ilẹ̀ dé ìdajì ògiri. Ìjẹ̀bú kì í káwọ́ gbera máa wo ìjọba.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì

Ọlọ́run á bù kún ẹgbẹ́ yín, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti ibì kan tí mo mọ̀ fún ẹ. Ẹgbẹ́ kan kọ́ ilé ìgbẹ̀bí síbẹ̀. Òkúta mábù wà lára ògiri, orúkọ àwọn olóyè ẹgbẹ́ wà lára ẹ̀ láti orí ààrẹ dé orí akápò, wọ́n fi wúrà kùn ún. Ibùsùn ìgbẹ̀bí tí wọ́n rà, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà ṣì wà lára ẹ̀ nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ó ti pọ́n, aláǹgbá ti yé ẹyin sábẹ́ ẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ omi wà, kò sí omi. Ewúrẹ́ ń sùn ní bárándà. Kò sẹ́ni tó ń ṣílẹ̀kùn, torí kò sẹ́ni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ṣí i.

Ilé kọ́ ni Ìjẹ̀bú ò ní.

ỌmọRẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́

Mo gbọ́ yín, mà. Àmọ́ ṣé ẹ fẹ́ ká máa san owó oṣù ni? Ọdún wo la máa san án dà? Bí àwọn ẹgbẹ́ bá fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó nọ́ọ̀sì, ìjọba tó ń sá díẹ̀díẹ̀ yìí máa sá tán ni.

ỌmọRẹ́mọ

Níbi yìí, mo gbè sẹ́yìn ẹ. Wọ́n gbìyànjú irú ẹ̀ rí. Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà fẹnu kò ní Bàmákò pé kí ìlú máa ra oògùn, kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó ẹ̀ ra òmíì. Lọ́dọ̀ tiwa, ìlú dáwó, oògùn dé. Ìyàwó olóyè gba oògùn láwìn, àna olóyè gba oògùn láwìn, pásítọ̀ gba oògùn fún ìjọ. Kí ọdún tó yí, ó ku páálí.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì

(Ìyàwó olóyè! Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ibi gbogbo náà ni.)

N ò ní kí ẹgbẹ́ sanwó oṣù. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ lọ bi àwọn ọmọdébìnrin tó ń jáde ní ilé-ìwé nọ́ọ̀sì lónìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí abúlé. Yàtọ̀ sí ti ìlú òyìnbó, ilé gbígbé ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tiwa, ilé nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, yàrá méjì, kànga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn lóru, ìgbésẹ̀ díẹ̀ ni, mo ti débẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé yẹn, òrùlé ti lọ. Ọmọbìnrin tí kò ní ibi tó máa sùn, á máa ti ìlú wá ni, ẹni tó ń ti ìlú wá kò sì lè gbẹ̀bí òru. Ohun tí Ẹlẹ́gàrí ń sunkún ẹ̀ gan-an nìyẹn: aago méjì, ọkọ̀ ń lọ.

Ẹ tún ilé nọ́ọ̀sì ṣe. Ẹ gbé sólà sórí ẹ̀, kí ẹ fa wáyà kan sí fìríìjì oògùn. Kí ẹ wá mú kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ bá àwọn tó ń pín òṣìṣẹ́, kí ẹ ní: ilé rèé, ẹni dà? Wọn ò ní rí irọ́ kankan pa.

Akọ̀wéKáńsù

Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ibi tó bá nílé ni wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ lọ kọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kì í ti í ká ọ̀gá mọ́lé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀.

Ẹlẹ́gàrí

Mo ti bi wọ́n. Kì í ṣe tiwa ni wọ́n yàn. Èyí tí wọ́n yàn ní wọ́ọ̀dù wa wà ní abúlé kejì, lódì kejì afárá kan tí omi máa ń bò mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé náà. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ti wà nínú ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù tipẹ́, ó ní òun rò pé gbogbo ayé ló mọ̀.

A ṣèpàdé ní ilé baálẹ̀. Ariwo pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ lọ dí títì, bàbá kan ní kí wọ́n má dán an wò, torí mọ́tò gàrí tiwa náà ló máa há síbẹ̀. Níkẹyìn, a gbà pé ká béèrè nǹkan méjì péré: nọ́ọ̀sì kan tó máa gbé níbí, àti pé kí nọ́ọ̀sì abúlé kejì máa gbé àjẹsára àti oògùn wá sọ́dọ̀ wa lóṣooṣù títí ẹni tiwa á fi dé. Ilé nọ́ọ̀sì ṣì dúró. Òrùlé ẹ̀ ti jò, igi àjà kan ti ju, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀ le.

ỌmọRẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́

Ẹ fi fọ́tò òrùlé yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ Àìkú la máa ṣèpàdé. Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa bi mí, pé níbo la máa kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì

Ẹ ran án mọ́ àyà aṣọ nọ́ọ̀sì.

Ẹlẹ́gàrí

Màmá ò! Màá ya fọ́tò náà lọ́la bí òjò bá dá. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, lẹ́tà tá a fẹ́ kọ yìí, ta la máa darí ẹ̀ sí? Tíṣà tó ń bá wa kọ ọ́ ní ká darí ẹ̀ sí gómìnà.

Akọ̀wéKáńsù

Ẹ má darí ẹ̀ sí gómìnà, orí tábìlì akọ̀wé kan ló máa sùn sí. Ẹ kọ ọ́ sí dókítà àgbà tó ń rí sí ìlera ní káńsù yín, ẹ̀dà kan fún alága, ẹ̀dà kan fún àjọ ìtọ́jú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà fọwọ́ sí i. Ẹ so fọ́tò ilé mọ́ ọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kan páànù, kì í ṣe kí wọ́n tó kàn án. Bí ẹ bá mú un lọ, ẹ mú ẹ̀dà tiyín dání, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á lù ú níwájú yín.

Ọlọ́kadà Òde

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ, kó pè mí. Epo nìkan ni mo máa gbà.